Lẹ́tà sí Àkànní lórí ojú oórì tó fẹ́ rà ní Maryland, ní Amẹ́ríkà

Ọ̀kẹ̀sà, Iléṣà.

Àkànní ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí fóònù lẹ́yìn rẹ̀. Mo dúpẹ́ pé àlàáfíà ni ìwọ àti ìyàwó wa àtàwọn ọmọ wà. Ara tèmi náà le, orúnkún nìkan ló ń dà mí láàmú bí òjò bá ti ṣú.

O ní ẹ̀rù ń bà ọ́ láti sọ fún mi pé o fẹ́ ra ojú oórì méjì sí Maryland níbẹ̀, kí n má baà rò pé o ti kọ ilé sílẹ̀. Fọkàn balẹ̀. Ẹni tó bá ń pèsè sílẹ̀ de ọjọ́ yẹn kò pe ikú. Ìyá mi àgbà ti ká aṣọ òfì tí a ó fi sin ín sínú àpótí nígbà tí mo ṣì wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì wà láyé títí ó fi jó níbi ìgbéyàwó mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni wàá gbó, tí wàá tọ́, lágbára Olúwa. Ní ti àwọn tí yóò sọ pé òkú Ìjẹ̀ṣà gbọ́dọ̀ wálé dandan, kí wọ́n rántí ayé ogun, kí Kírìjí tó parí ní 1893. Ẹni tó bá kú sójú ìjà tí ọ̀nà jìn, irun orí rẹ̀ àti èékánná ni wọ́n máa ń gé wá fún ẹbí láti sin, kò sì sẹ́ni tó sọ pé onítọ̀hún kì í ṣe ọmọ ilé mọ́. Bí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ bá ń kùn, èmi ni n ó dá wọn lóhùn.

Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú lẹ́tà rẹ ni ọkùnrin tó fẹ́ tà á fún ọ. O ní ìyá rẹ̀ ló ra ojú oórì mẹ́rin nígbà ayé rẹ̀, pé wọ́n sin ìyá àti bàbá sí méjì, méjì yòókù sì ṣófo. O ní ó fi ìwé hàn ọ́, orúkọ ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó sì ní àwọn àbúrò òun obìnrin kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Àkànní, o ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí nílé. Bí èèyàn ṣe ń ra ilẹ̀ ẹbí ní Iléṣà níbí náà nìyẹn: ìdí-igi kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyá kan nínú ẹbí, á gbowó, á bú ọtí fún ọ, á máa pè ọ́ ní àna, lọ́jọ́ tí o bá já yanrìn sílẹ̀, ìdí-igi kejì á dé pẹ̀lú àdá. Òótọ́ lè wà lẹ́nu ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n bí àwọn àbúrò rẹ̀ kò bá ka ọ̀rọ̀ náà sí lóòótọ́, kò ní nira fún wọn láti fọwọ́ síwèé.

Mo ní kí àbúrò rẹ agbẹjọ́rò bá mi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Ó ní ilẹ̀ gan-an kọ́ lo ń rà. Àwọn tó ni itẹ́ òkú ló ṣì ni ilẹ̀ wọn; ẹ̀tọ́ àtisin òkú sí àyè kan pàtó ni wọ́n tà fún ìyá yẹn. Nígbà tó kú, ẹ̀tọ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ìwé ìhágún rẹ̀ bá dárúkọ. Bí kò bá kọ ìwé ìhágún, àwọn àjogún tí òfin mọ̀ ló pawọ́ pọ̀ ní in. Nítorí náà, béèrè ìwé ìhágún yẹn. Bí àwọn mẹ́ta ló jogún, kí àwọn mẹ́ta fọwọ́ sí i níwájú ẹni tí ìjọba fún ní òǹtẹ̀ láti jẹ́rìí sí ìbọwọ́lùwé. Má gba “wọ́n ti gbà lórí fóònù”.

Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ó dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ìwé àkọsílẹ̀ tó wà ní ọ́fíìsì itẹ́ òkú ló ṣe pàtàkì jù. O mọ bó ti pẹ́ tó tí mo fi ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ itẹ́ òkú ìjọ wa. O rántí ìwé ńlá tí mo máa ń gbé wálé, tí mo máa ń fi rúlà fa ìlà sí: nọ́ńbà ìlà lápá òsì, nọ́ńbà oórì, orúkọ, ọjọ́, lẹ́yìn náà ìbọwọ́lùwé. Ìyá kan wá bá wa nígbà kan pẹ̀lú rìsíìtì tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó fi ọ̀rá wé, pé ọkọ òun ti san owó àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ fún òun. Mo ṣí ìwé, ibẹ̀ ṣófo, wọn ò kọ orúkọ ẹnì kankan sí i. A rán ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ lọ. Ó ki ọ̀pá irin bọlẹ̀, ọ̀pá ò tíì rìn jìnnà tó fi dún kọ́ lórí kọ́ńkéré. Wọ́n ti sin ẹnìkan síbẹ̀. Rìsíìtì ìyá yẹn kì í ṣe ayédèrú, owó tí ọkọ rẹ̀ san kì í ṣe irọ́, síbẹ̀ kò rí àyè náà gbà. Bó ṣe jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta ọ́fíìsì lọ́jọ́ yẹn, tó ń ká rìsíìtì náà padà sínú ọ̀rá, kò kúrò lójú mi.

Nítorí náà, fẹsẹ̀ ara rẹ lọ sí ọ́fíìsì itẹ́ òkú náà. Má jẹ́ kí ọkùnrin yẹn bá ọ pè wọ́n, má sì lo nọ́ńbà fóònù tó bá fún ọ. Wá nọ́ńbà wọn fúnra rẹ. Ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn, kí wọ́n sọ orúkọ ẹni tó ni nọ́ńbà oórì méjèèjì lónìí, bóyá gbèsè kankan wà lórí rẹ̀, bóyá wọ́n ti sin ẹnikẹ́ni síbẹ̀. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọ̀pá wádìí ilẹ̀ náà lójú rẹ. Béèrè pẹ̀lú bóyá òfin tiwọn gba kí ẹni tó rà á tún un tà fún àjèjì. Àwọn mìíràn máa ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àwọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀. Bí ọkùnrin náà kò bá fi lọ̀ wọ́n, ọjà tẹ́ ẹ ná lè dòfo. Itẹ́ òkú ìlú tàbí ti ìjọ sì wà tó jẹ́ pé ará ìlú tàbí ọmọ ìjọ nìkan ni wọ́n ń gbà. Wọ́n yóò gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ láti yí orúkọ padà. San án. Orúkọ ìwọ àti ìyàwó rẹ ni kí wọ́n kọ, kí wọ́n sì fún yín ní ìwé tuntun.

Ní ti owó, ìran òṣómàáló ni ọ́. Bàbá rẹ àgbà tó ń ta aṣọ láwìn yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Kò jẹ́ fi “ó ti san án” sínú ìwé nítorí ẹ̀jẹ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwọ lo ní owó lọ́wọ́, kí ó dúró sọ́wọ́ rẹ títí ọ́fíìsì yóò fi kọ orúkọ rẹ. Má fi àsansílẹ̀ ránṣẹ́ láti orí fóònù. Kí ẹ pàdé ní ọ́fíìsì náà, kí o mú ṣẹ́ẹ̀kì tí báńkì fúnra rẹ̀ kọ dání, tàbí kí lọ́yà kan mú owó náà dání fún ẹ̀yin méjèèjì. Sì ná an dáadáa. Àwọn tó ni itẹ́ òkú kì í sábà fẹ́ ra irú rẹ̀ padà ní iye tí wọ́n ń tà á, oníbàárà rẹ̀ kò sì pọ̀. Nítorí ìyẹn náà, méjì tó. Bó bá wá fẹ́ bá ọ wá àwọn mìíràn, má gbà.

Iye tó bá dá lé e kọ́ ni gbogbo owó. Owó gbígbẹ́ ilẹ̀ àti dídí i wà lọ́tọ̀, àpótí kọ́ńkéré tí wọ́n ń gbé pósí sí kí ilẹ̀ má baà rì wà lọ́tọ̀ níbi tí wọ́n bá ti béèrè rẹ̀, òkúta orí oórì náà lọ́tọ̀. Àbúrò rẹ ní òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Funeral Rule, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1984, fi dandan lé e fún ilé ìsìnkú láti gbé ìwé iye owó wọn síwájú oníbàárà. Ṣùgbọ́n itẹ́ òkú tó ń ta àyè nìkan kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ìwọ ni kó o béèrè tìrẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ.

O ní o fẹ́ òkúta tó dúró, tí wọn yóò kọ “Ọmọ Ọbòkun” sí. Wádìí rẹ̀ kó o tó san kọ́bọ̀. Àwọn apá kan wà tó jẹ́ pé idẹ pẹlẹbẹ tó bá ilẹ̀ dọ́gba nìkan ni wọ́n gbà níbẹ̀, kí ẹ̀rọ tó ń gé koríko lè gba orí rẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá gbà òkúta, rí i pé ẹni tó ń fín in mọ bí wọ́n ṣe ń sàmì sí abẹ́ “ọ”. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí orúkọ Yorùbá tí wọ́n kọ ní ìkọkúkọ sórí òkúta.

Lọ wo ibẹ̀ lẹ́yìn tí òjò bá rọ̀. Oòrùn kì í fi ibi tí omi ń dúró sí hàn ọ́. Wo gbòǹgbò igi, wo bí ó ṣe jìnnà sí ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà. Àwọn ọmọ rẹ lè máa wá síbẹ̀ pẹ̀lú orúnkún bíi tèmi yìí.

Nǹkan kan tún wà. Nínú gbogbo lẹ́tà rẹ, “mo fẹ́” ni mo rí, n ò rí “a fẹ́”. Ṣé o ti bi ìyàwó wa léèrè ibi tí òun fẹ́ sùn? Ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ní Ifẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Bi í lálẹ́ kan tí àwọn ọmọ bá ti sùn, kó o sì jẹ́ kó sọ tẹnu rẹ̀ tán. Bó bá ní òun ò fẹ́, ẹyọ kan ni kó o rà. Bó bá gbà, kí òun àti àkọ́bí yín mọ àpótí tí ìwé náà wà nínú ilé. Má gbé e pamọ́ sí báńkì níbi tí wọn ò ti ní rí i yọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wá a.

Bí ọ́fíìsì bá ti fún ọ ní nọ́ńbà ìlà àti ti oórì, fi ránṣẹ́ sí mi, kí àbúrò rẹ tún fi ojú rẹ̀ kàn án. Bí ọkùnrin náà bá pè ọ́ ṣáájú ìgbà náà pé ẹlòmíì ti ń bọ̀ wá rà á, sọ fún un pé ìyá rẹ ní kó o dúró.

Kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ fún mi.

Èmi ni,
Màmá rẹ.