Lẹ́tà sí Àǹtí Mi tó Bá Mi Lórí Ẹní Lọ́sàn-án

Àǹtí mi,

Ẹ kú ìrìn o. Mo gbọ́ pé ẹ ti gúnlẹ̀ sí Ìlọrin láyọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé ò tíì kúrò létí mi. Aago méjì ọ̀sán, oòrùn Kubwa ń jó bí iná, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ bá mi lórí ẹní. Ẹ ní, "Ọ̀lẹ ti wọ̀ ọ́ lára, ọmọ yìí." Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí.

Ọdún 11 ni mo fi ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Ẹ rántí ìgbéyàwó àbúrò mi, tí ẹ ní aṣọ òfì yẹn bá mi mu, kí n má sanra mọ́? Lọ́jọ́ yẹn, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí n kò fẹnu kan nǹkan gidi. Nígbà náà, láàárọ̀ kùtù, màá ti wọkọ̀ lọ sí Jabi, màá rìn létí adágún títí ojú mi á fi máa ṣú. Tí mo bá jẹun, n kì í jókòó. Nínú oṣù kẹta, tí gbogbo Àbújá ń làágùn, súwẹ́tà ni mo máa ń wọ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú mi ló sọ fún mi nípa àwọn ọkùnrin 36 kan ní Yunifásítì Minnesota, l'Ámẹ́ríkà. Láàárín 1944 sí 1945, àwọn olùwádìí dín oúnjẹ wọn kù sí bí ìdajì fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà, láti wo ohun tí ebi ń ṣe fún ara. Òtútù mú wọn, ó rẹ̀ wọ́n, àwọn míì ń kó ìwé oúnjẹ sísè jọ! Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ó pẹ́ kí okun wọn tó padà. Ọkùnrin tara wọn le ni wọ́n o, Àǹtí. Ìdí tí mo fi ń sinmi lórí ẹní lọ́sàn-án nìyẹn.

Dídùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀, mo kọ́ ọ ni. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, eegun ìbàdí ń gún mi lórí ẹní, ẹsẹ̀ mi ń jó bí ẹsẹ̀ télọ̀ lórí máṣíìnì. Mo fi ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún, mo tú ìró mi, mo mu fúrà ife kan. Fúrà ṣì há sí mi léyín nígbà tí oorun gbé mi lọ. Ìpè ìrun Alásàrì ló jí mi.

Ẹ béèrè òṣùwọ̀n tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti fún ọmọ Hausa kan tó ń wọn èèyàn létí títì, ó ń fi í pawó.

Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ bá mi mú wàrà wá, èyí tí wọ́n dín. Ẹní kejì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ọmọ yín.