Kí O Tó Ná Sẹ́fà ní Kútọnu

Àdùkẹ́ mi,

Mo kọ ọ̀rọ̀ sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní orílẹ̀-èdè Benin tí o ń lọ, sílẹ̀ torí bí mo bá sọ ọ́ lẹ́nu, wàá ní o ti gbọ́.

Mo ti bá àbókí tó ń bá wa ṣẹ́ńjì owó ní Sábó sọ̀rọ̀, ó ń retí rẹ lọ́la. Kó má kó olówó 10,000 nìkan fún ọ o. Bí o bá na 10,000 sí ẹni tó ń ta ẹ̀kọ ní Kútọnu láàárọ̀, ńṣe ni yóò kàn máa wò ọ́. Ṣẹ́ńjì wọ́n lọ́dọ̀ wọn ju ti Gbági lọ. Olówó 1,000 àti 2,000 ni kó pọ̀ níbẹ̀. Tú ìdì kọ̀ọ̀kan kà lójú rẹ̀. Èyí tó bá ti ya, wọ́n lè kọ̀ ọ́ fún ọ lọ́jà.

Bí o bá délé, tẹ́ owó náà sórí bẹ́ẹ̀dì kí o wò ó dáadáa. Pupa ni 1,000, ràkúnmí ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Búlúù ni 2,000, tòun tẹja. 5,000 ní àwọ̀ ewé. Ẹyẹ ló wà lẹ́yìn 10,000: lójú tèmi agbe ni, bàbá rẹ ní àlùkò ni, a ò tíì parí ìjà yẹn. Ẹja tí imú rẹ̀ rí bí ayùn tó wà níwájú wọn, ara ère idẹ tí àwọn Akan ilẹ̀ Gánà fi ń wọn wúrà láyé àtijọ́ ni wọ́n ti yà á. Owó tó lẹ́wà ni. Má rún un mọ́ ìdí ìró bí a ṣe ń ṣe náírà.

Wo lẹ́tà tó kẹ́yìn nọ́ńbà ara rẹ̀. B ni ti Benin, T ni Tógò, K ni Sẹ̀nẹ̀gà. Má bẹ̀rù bí o bá rí K ní Kútọnu. Orílẹ̀-èdè 8 ló jọ ń ná an. Ṣùgbọ́n sẹ́fà Kamẹrúùnù àti Gàbọ́ọ̀nù yàtọ̀, bí iye wọn tilẹ̀ dọ́gba. Ẹni tó bá fi ìyẹn ṣe ṣẹ́ńjì fún ọ, dá a padà fún un.

Ibi tó ṣòro nìyí. Nígbà tí èmi ń lọ, náírà kan máa ń gba sẹ́fà mẹ́ta ó lé. Ó ti yí padà, sẹ́fà ló ga báyìí, ojú ọmọ Ìbàdàn ṣì máa ń rí 1,000 bí 1,000 tilé. Bí o bá ń ra aṣọ, sọ ọ́ di náírà kí o tó ná an, fi owó ọkọ̀ àti owó ojú ọ̀nà lé e, kí o mọ̀ bóyá èrè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ebi bá ń pa ọ́, gbàgbé náírà! Ẹni tó bá ń ṣírò gbogbo òkèlè, ebi ni yóò sùn. Yorùbá pọ̀ lọ́jà Kútọnu, bi àwọn tó ń jẹun níbẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èló lẹ máa ń rà á?" Má bi ẹni tó ń tà á.

Ti owó onírin kù. 500 wà ní bébà, ó wà ní onírin, torí náà má ṣe da onírin sísàlẹ̀ báàgì bíi kọ́bọ̀. Èyí tó bá kù, ná an tán kí o tó dé ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Àbókí kì í gbà á. Fi ra búrẹ́dì gígùn wọn yẹn fún bàbá rẹ, ó ti ń dárúkọ rẹ̀ láti àná.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.