Kíríkẹ́ẹ̀tì tiwa ńkọ́?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ojú ewé eré ìdárayá ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí nínú ìwé ìròyìn yín. Arsenal lónìí, Chelsea lọ́la, agbábọ́ọ̀lù kan fẹsẹ̀ rọ́ ní Madrid: gbogbo rẹ̀ là ń rí kà. Kíríkẹ́ẹ̀tì tiwa ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní eré àwọn ọmọ King's College àti Government College Ìbàdàn ni. Irọ́ kọ́, láyé ìgbà kan. Èmi náà gbá a ní ilé-ìwé girama. Ẹní la máa ń tẹ́ sórí kọnkéré kí bọ́ọ̀lù má baà ta sí wa lójú, a ó sì ti fi búlúù fọ aṣọ funfun sílẹ̀ de ọjọ́ Sátidé. Bọ́ọ̀lù yẹn le bí òkúta. Ìka ọwọ́ òsì mi kan ṣì wọ́ dòní. Pápá wa ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù ti yí i ká, èyí tó kù ti di ibi ìnáwó.

Láti 1904 ni Èkó ti ń bá Gold Coast (Ghana òde òní) figagbága nínú eré yìí, ṣùgbọ́n ọdún 2002 ni ICC, àjọ tó ń darí rẹ̀ lágbàáyé, tó gba Nàìjíríà wọlé lórúkọ ara rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà la wà. Ní 2019, àwọn ọmọkùnrin wa tí kò tíì pé ogún ọdún na Sierra Leone ní Windhoek, wọ́n sì gba tíkẹ́ẹ̀tì Ife Àgbáyé tiwọn ní South Africa. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Australia ká gbogbo wọn mọ́ àmì 61. Ojú tì mí díẹ̀, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ta ló ti débẹ̀ rí nínú wa?

Àwọn ọmọbìnrin ló wá gbẹ̀san. Lọ́jọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ní Kuching lórílẹ̀-èdè Malaysia, wọ́n ko New Zealand lójú nínú Ife Àgbáyé àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, tí wọ́n lọ fún ìgbà àkọ́kọ́. Òjò ti jẹ nínú àkókò, wọ́n gé eré náà sí ófà 13 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan (bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni ófà kan). Àmì 65 péré la rí kó jọ. Lucky Piety, balógun wọn, kó 19, Lillian Udeh kó 18. Ọmọ-ọmọ mi gbé fóònù tí a fi ń wò ó ti ife omi lórí tábìlì, àkàrà wa tutù sínú àwo. Ó ku bọ́ọ̀lù mẹ́fà, New Zealand ń wá àmì 9. Lillian yìí kan náà ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún. Mẹ́fà péré ni wọ́n rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. 63 ni wọ́n kú sí. Igbe tí mo ké, aládùúgbò béèrè bóyá wọ́n ti mú iná dé ni.

Oṣù méjì ṣáájú ìyẹn, ní Tafawa Balewa Square l'Ónìkan, a kó 271, Selim Salau nìkan kó 112, a sì lé Ivory Coast jáde pẹ̀lú àmì 7. Méje! Kò sí ẹgbẹ́ ọkùnrin tó tíì kéré tó bẹ́ẹ̀ rí nínú T20, eré ófà ogún fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, láàárín orílẹ̀-èdè. Ẹ̀rín ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi gba ìròyìn náà. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí Salau ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá a.

Ẹ fún wa ní igun kékeré kan lọ́sẹ̀. Kí àwọn akọ̀ròyìn yín sì bá wa bi àwọn kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ nílẹ̀ Yorùbá léèrè ibi tí pápá àwọn ilé-ìwé wa wọlẹ̀ sí. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò máa túmọ̀ òfin eré náà sí Yorùbá, mo ti fẹ̀yìn tì, àyè wà lọ́wọ́ mi. Ẹ kàn má ní kí n wá gbá a ni, ìka yìí ò gbà mọ́.

Èmi ni tiyín,
Tíṣà àná, Ìbàdàn