Òǹkọ̀wé náà ń jẹun: kí ìjọba gbà wọ́n síṣẹ́ kí àwọn àgbà wa tó tán

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé kan kọ sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tó ti ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ òǹkọ̀wé síjọba létí nígbà tí ebi ń pa ará ìlú. Ohun tó ń dùn ún yé mi. Ilé tó ń ra àpò ìrẹsì tẹ́lẹ̀ ti ń ra kóńgò báyìí. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́, kó bá mi wo ohun tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà nígbà tí ọ̀dá owó dé bá wọn.

Ìparí ọdún 1929 ni ọ̀ràn náà bẹ́ sílẹ̀. Báńkì ń wó, iléeṣẹ́ ń tilẹ̀kùn, nígbà tó sì fi di 1933, bí a bá kó òṣìṣẹ́ mẹ́rin jọ, ọ̀kan kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ní 1935, Ààrẹ Roosevelt dá àjọ WPA sílẹ̀ láti wá iṣẹ́ fáwọn tí kò ríṣẹ́. Títì, afárá àti iléèwé ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń kọ́. Ṣùgbọ́n ìjọba yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó náà fún àwọn òṣèré, olórin, ayàwòrán àti òǹkọ̀wé. Ti àwọn òǹkọ̀wé ni wọ́n pè ní Federal Writers' Project. Nígbà táwọn kan ń kùn pé kí ni ti ayàwòrán àti olórin nínú rẹ̀, Harry Hopkins, ọ̀gá WPA, fèsì pé àwọn náà gbọ́dọ̀ jẹun bí ọmọ aráyé yòókù.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ díẹ̀. Òǹkọ̀wé kì í ṣe àjèjì láàárín ará ìlú. Òun náà ń san owó ilé, ọjà kan náà la jọ ń ná. Bí a bá ní kí ìjọba ran ará ìlú lọ́wọ́, òun náà wà nínú wọn.

Ìjọba Amẹ́ríkà kò sì fún wọn lówó kí wọ́n lọ sùn sílé. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́rìí pé òun kò ní, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n mú nítorí ìmọ̀ wọn. Owó tí wọ́n ń gbà, owó kí ebi má pani ni. Ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ kọ ìwé kankan rí: tíṣà wà níbẹ̀, lọ́yà, akọ̀wé, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé. Nǹkan bí 6,600 èèyàn ló gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ní kí wọ́n kọ ìwé atọ́nà fún ìpínlẹ̀ 48 tí Amẹ́ríkà ní nígbà náà, èyí tó máa sọ ìtàn ìlú, odò, oúnjẹ àti ọ̀nà fún àlejò, wọ́n sì kọ gbogbo rẹ̀. Richard Wright wà lára wọn, Ralph Ellison náà, àti Margaret Walker, àwọn aláwọ̀ dúdú tó wá di gbajúgbajà òǹkọ̀wé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé atọ́nà ló mú mi gbé bírò. Láàárín 1936 sí 1938, wọ́n rán àwọn òṣìṣẹ́ yìí lọ bá àwọn arúgbó tí wọ́n bí sínú oko ẹrú. Òmìnira ti dé láti 1865, nítorí náà ẹni tó kéré jù nínú wọn ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n bá iye tó lé ní 2,300 sọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ 17. Wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ, aṣọ tí wọ́n ń wọ̀, èèyàn wọn tí wọ́n tà lọ, orin tí wọ́n ń kọ. Ìdáhùn wọn wà ní Library of Congress, ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà ní Washington, dòní, ọ̀fẹ́ la sì ń kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ti ka púpọ̀ níbẹ̀, àwọn alẹ́ kan sì wà tí oorun kò kùn mí mọ́ lẹ́yìn tí mo kà á tán. Ká ní ìjọba sọ pé kí ọrọ̀ ajé kọ́kọ́ gbérí ná ni ńkọ́? Ní 1941 wọ́n wọ ogun, 1945 ni ogun parí. Mélòó nínú àwọn arúgbó yẹn ni ì bá ṣì wà láyé?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Kossola, ọmọ Yorùbá láti agbègbè Bantè, ní ilẹ̀ tó di Benin lónìí, wà lára àwọn tí ọkọ̀ ojú omi Clotilda kó lẹ́rú dé Alabama ní Amẹ́ríkà ní 1860. Ní 1927 àti 1928, Zora Neale Hurston, òǹkọ̀wébìnrin aláwọ̀ dúdú, lọ jókòó tì í, ó kọ ohun tó sọ sílẹ̀ látorí ìlú tí wọ́n ti mú un. Ní 1935, ọdún tí iṣẹ́ ìjọba yìí bẹ̀rẹ̀ gan-an, Kossola kú. Bí kì í bá ṣe pé obìnrin yìí ti lọ ṣáájú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ì bá ti pẹ́ jù. Òun náà sì wá di òṣìṣẹ́ wọn ní Florida ní 1938.

N kò ní fi àbùkù iṣẹ́ náà pa mọ́. Aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣe ìbéèrè, arúgbó dúdú tó sì ń bẹ̀rù kò lè tú gbogbo inú rẹ̀ fún wọn. Àwọn olóṣèlú náà gbógun tì í, wọ́n ní àwọn kọ́múníìsì ló kún ibẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì dá owó rẹ̀ dúró ní 1939. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé bí tiwa bá dé, ẹni tó gbọ́ èdè ìlú, tí àwọn àgbà sì fọkàn tán, ni kí wọ́n rán níṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ ọ́ di iṣẹ́ kíkọ oríkì gómìnà.

Nílé wa ńkọ́? Akáǹran, lẹ́bàá Ìbàdàn, ni a ti wá. Bàbá mi wà nínú Àgbẹ̀kọ̀yà nígbà tí àwọn àgbẹ̀ kọ owó orí ní 1968, tí wọ́n ń ké pé òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni àwọn máa san. Ó máa ń ròyìn Tafa Adéoyè, olórí wọn, fún wa, àti bí wọ́n ṣe já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní 1969. Tó bá dé ibi àwọn tí kò padà sílé, á dákẹ́, á ní ká lọ sùn. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé lọ́jọ́ kan n óò jókòó tì í, n óò kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kú ní ọdún méjì sẹ́yìn. N kò kọ ọ̀rọ̀ kan. N kò mọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń sunkún sí títí tó fi kú. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti ń lọ sí ọgọ́rin báyìí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ìjọba wa kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn yọ owó fún iṣẹ́ ìwádìí ìtàn Yorùbá tí Sàbúrì Bíòbákú, onímọ̀ ìtàn, darí. Ìjọba ìbílẹ̀ 137 ló wà ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí a ní. Bí a bá mú ẹni méjì péré ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èèyàn 274 ni, a kò sì ní wá wọn jìnnà. Àwọn ọmọ wa tó gboyè nínú ìmọ̀ Yorùbá wà nílé, àwọn mìíràn ń gun ọ̀kadà.

Olóòtú, ìyá kan ṣì wà lábúlé wa tó ń gbé oúnjẹ lọ fún ẹgbẹ́ bàbá mi nínú igbó. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, etí rẹ̀ ti ń di, ṣùgbọ́n ó rántí. Mo ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú fóònù mi. Bí ẹ bá ní akọ̀ròyìn kan tó mọ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó bá mi lọ. Èmi ni n óò san owó ọkọ̀ rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Akáǹran