Ọ̀wọ́ sẹ́ńsọ̀ méjì kò tó fún wíwo inú páìpù

Sí Olóòtú,

Inú wa dùn pé ẹ kọ nípa optical tomography, ìyẹn fífi ìmọ́lẹ̀ ya àwòrán hóró tó ń gba inú páìpù kọjá láì dá iṣẹ́ dúró. Ibì kan ló yẹ kí ẹ tún ṣe. Ẹ ní bí LED (iná kékeré) 16 bá wà lókè páìpù, tí 16 mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń mọ ìmọ́lẹ̀) kọ̀ọ̀kan sì dojú kọ tirẹ̀ lódìkejì, ọ̀wọ́ méjì yìí ti tó, àwòrán ti pé. Kò pé rárá.

Ẹ mú hóró méjì péré. Ọ̀kan dí ìtànṣán nọ́ńbà 4 láti òkè àti nọ́ńbà 5 láti ẹ̀gbẹ́. Èkejì dí nọ́ńbà 12 láti òkè àti nọ́ńbà 9 láti ẹ̀gbẹ́. Òjìji méjì ni kọ̀ǹpútà rí lókè, ó rí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibi mẹ́rin ni wọ́n sì ti dábùú ara wọn. Hóró mẹ́rin ló máa yà, bẹ́ẹ̀ méjì nínú wọn kò sí níbẹ̀: ọ̀kan á jókòó sí 4 àti 9, èkejì sí 12 àti 5. Bí hóró bá di mẹ́ta tí ìkankan wọn kò sí lórí ìlà kan náà, ó di ibi 9. Ọ̀wọ́ kẹta, tí a gbé dagun ní 45°, ló máa tú àṣírí ayédèrú wọ̀nyí, nítorí ìtànṣán rẹ̀ tó gba ibẹ̀ kọjá kò ní ṣókùnkùn. Ọ̀wọ́ mẹ́rin tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ka iye ìmọ́lẹ̀ tí gbogbo sẹ́ńsọ̀ ń rí nígbà tí páìpù ṣófo. Ẹ tún pa LED, kí ẹ ka ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ìta wọlé, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú kan tí kì í kúrò lójú kan nínú gbogbo àwòrán, kì í ṣe hóró o. Eruku ló lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn gbígbẹ sí ojú gíláàsì, kí ẹ sì tún páìpù òfìfo kà nígbàkígbà tí iṣẹ́ bá dúró díẹ̀.

Ní ti ìyára, ọ̀wọ́ méjì tó fi mílímítà 100 jìnnà síra lójú ọ̀nà tí hóró ń gbà la fi ń wọ̀n ọ́n. Bí òjìji bá fi mílísẹ́kọ́ńdì 20 ti ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ dé èkejì, mítà 5 ni hóró ń sáré ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwòrán 1000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló yẹ ẹ́. Bó bá jẹ́ 100, àwòrán méjì péré ló máa wà láàárín ọ̀wọ́ méjèèjì, àṣìṣe àwòrán kan ṣoṣo sì lè sọ mítà 5 di 10.

Níbi tí hóró bá sì ti ṣù jọ débi pé ìmọ́lẹ̀ kò là á já, kò sí iye sẹ́ńsọ̀ tó lè gbà á là. Tomography tó ń lo kapásítáǹsì iná mànàmáná (agbára ohun láti gba iná pamọ́) dípò ìmọ́lẹ̀ ni kí wọ́n gbé síbẹ̀.

Àwa òǹkàwé yín, ẹnjiníà