Lẹ́tà sí Fọlákẹ́ lórí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ aboyún

Leeds, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Fọlákẹ́, àbúrò mi,

Ṣé ara rẹ le? Ọmọ inú ńkọ́? Mo rí èsì àyẹ̀wò tí o fi ránṣẹ́: triglycerides (oríṣi ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kan) 2.9, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù 6.4, mmol/L ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, tí wọ́n fi bírò pupa yí po. Jọ̀ọ́, má tìtorí ẹ̀ sá fún oúnjẹ. Òṣùwọ̀n ẹni tí kò lóyún ni wọ́n fi wọn tìrẹ. Kó tó di ọjọ́ ìkúnlẹ̀, triglycerides aboyún máa ń di ìlọ́po 2 sí 3, torí ara ìyá ń tú ọ̀rá tó ti kó pamọ́ kó lè fi ṣúgà sílẹ̀ fún ọmọ.

Ṣúgà gan-an ló ń kọ mí lóminú. Bí òun àti triglycerides bá jọ ga jù, ọmọ lè sanra kọjá kílò 4, kí èjìká rẹ̀ há nígbà ìbí. Tí wọ́n bá sì gé ìwọ́ tán, ṣúgà tó ń ti ara ìyá wá dáwọ́ dúró lójijì, ṣùgbọ́n insulin, èròjà tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, tí ọmọ ti ń ṣe lọ́pọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni ṣúgà tirẹ̀ ti ń já wálẹ̀: ọwọ́ á máa gbọ̀n, ara á tutù, kò ní lè fa ọmú. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n gbé e sí ọmú láàárín ìṣẹ́jú 30, lẹ́yìn náà ní wákàtí 2 sí 3 síra.

O ti wọ ọ̀sẹ̀ 27, àkókò àyẹ̀wò glucose gíràmù 75 rèé, ìyẹn omi ṣúgà tí wọ́n á fún ọ mu. Má jẹun láti alẹ́, ó kéré tán wákàtí 8. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ kí o tó mu ún, lẹ́yìn wákàtí 1, àti lẹ́yìn wákàtí 2. Bí ẹyọ kan péré bá tó 5.1, 10.0 tàbí 8.5 ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, àtọ̀gbẹ oyún ni.

Ṣúgà àjẹjù ni ẹ̀dọ̀ ń sọ di triglycerides, nítorí náà mínírà ni kí o kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Kí ẹ̀bà má ju ìkúùkù rẹ lọ. Jẹ ẹja Titus tàbí ṣáwá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, inú ọbẹ̀ ni o, kì í ṣe díndín. Oògùn kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí Màmá ń lò, má bá wọn lò ó.

Bí triglycerides bá kọjá 11.3, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀, pancreas, ẹ̀yà ara tó ń ṣe insulin, lè wú. Bí inú bá ń ro ọ́ lókè ìdodo tó gba ẹ̀yìn yọ, tí o sì ń bì, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. Bákan náà ni bí ìfúnpá bá tó 140/90, tàbí bí orí bá ń fọ́ ọ gidigidi tí ojú sì ń ṣú.

Bá mi kí Màmá. Ya àwòrán èsì glucose náà ránṣẹ́ bó bá ti jáde, kí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta hàn. Má kàn sọ fún mi pé ó dáa.

Ẹ̀gbọ́n rẹ