Sí Àbẹ̀kẹ́, lórí ọmọbìnrin tó ru ìkòkò

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ara wa le, bàbá rẹ ń kí ọ, àwọn àbúrò rẹ sì ń béèrè ìgbà tí ilé-ìwé yóò yọ̀ǹda yín kí o wá sí Ìlọrin. Owó ìwé ìyàwòrán tí o béèrè ti wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ. Tètè gbà á, kó má baà ná an.

Mo ti wo fídíò kàtúùnù tí o yà, ti ọmọbìnrin tó ru ìkòkò, tí o fi ránṣẹ́. Mo wò ó, mo tún un wò, mo gbé fóònù lọ síbi tí a ti ń mọ ìkòkò ní Dada kí àwọn ìyá rẹ bá mi wò ó. Inú wọn dùn pé bí ọmọ náà ṣe ró ìró jọ ti ilé wa. Àfi ìyá àgbà tó jókòó tì mí tó béèrè pé, "Ṣé ike ni ìkòkò yẹn?" A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ìkòkò rẹ kò wúwo.

Ọmọ náà ń rìn bọ̀, ó rí àgbàlagbà, ó yí ọrùn sí i, ìkòkò sì bá ọrùn yí. Ó wá kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó dìde bí ẹni tí kò ru nǹkan kan. Àbẹ̀kẹ́, ta ló sọ fún ọ pé ẹni tó ru ìkòkò ń kúnlẹ̀ kí èèyàn? Ìwọ náà ti rù ú rí. Ẹnu la fi ń kíni, orúnkún á tẹ̀ díẹ̀, ẹni tí a ń kí fúnra rẹ̀ á ní ká má wulẹ̀ kúnlẹ̀, ẹrù ń bẹ lórí. Bí a bá sì fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń yí, ìbàdí á tẹ̀ lé e, orí ló ń yí gbẹ̀yìn. Ọrùn kì í dá nǹkan ṣe lábẹ́ ẹrù. Ìgbésẹ̀ kì í gùn, ẹsẹ̀ kì í ga nílẹ̀. Bó bá ti kanlẹ̀, orúnkún ló ń gba ẹrù náà, gbogbo ara á wálẹ̀ díẹ̀ kó tó tún gòkè.

O sọ fún mi pé ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú kàtúùnù gba àwòrán 24, pé ẹ sì lè ya 12 kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn lẹ́ẹ̀mejì. Nínú àwọn tí o yà, mi ò rí èyí tí ara ti wálẹ̀ jù lọ. O fò ó ni. Ibẹ̀ gan-an ni ìkòkò ti di ike.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ìwé ìyàwòrán rẹ kò ní àléébù yìí. Lọ́dún tí o wọlé, gbogbo èèyàn tí o ń yà ló ń fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn tàbí sínú àpò, àfi bí ẹni tó jalè. Ní báyìí ọwọ́ ti jáde, ó ń di nǹkan mú, mo sì ń rí ìka tó ń tẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ìyá ọlọ́sàn ní ibùdókọ̀, tí o ní ìṣẹ́jú méjì péré lo fi yà. Kò lójú, kò nímú, síbẹ̀ mo mọ̀ pé ìdí òsì ló fi ara tì, pé ó ti ń jókòó láti àárọ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Èyí tí o fi odidi ìrọ̀lẹ́ yà, tí o ń ka irun ìpéǹpéjú, kò lẹ́mìí rárá. Má wá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gba àwòrán oníṣẹ́jú kan, oníṣẹ́jú méjì lọ́wọ́ rẹ. Yà wọ́n láràárọ̀ kí o tó ṣí i.

Mo gbọ́ pé ẹṣin lo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, ẹṣin Durbar tó ń sáré. O ti sọ ìtàn Muybridge ayafọ́tò fún mi, bó ṣe to kámẹ́rà lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní Amẹ́ríkà ní 1878, tó fi hàn pé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ẹṣin ń kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé ìgbà tí wọ́n bá kó jọ sábẹ́ ikùn ni, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá nà síwá sẹ́yìn bí àwọn ayàwòrán ṣe ń yà á tẹ́lẹ̀. Ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjì kò tíì gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, o fẹ́ lọ kó mẹ́rin, pẹ̀lú ẹni tó gùn ún àti agbádá tí atẹ́gùn ń fẹ́! Fi ẹṣin sílẹ̀ lọ́dún yìí. Bí o bá wálé Iléyá, lọ dúró síbi tí wọ́n ti ń fi ẹṣin rìn jẹ́ẹ́, kí o ya ìyẹn.

A ó sì jọ lọ sí Èsìẹ́. Ère òkúta tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1945 lé ní 1,000. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí, àwọn kan mú àdá lọ́wọ́, irun wọn oríṣiríṣi. O ń ráhùn pé àwọn tí ẹ ń yà kì í gbé jẹ́ẹ́, wọ́n sì ń gbowó. Ti Èsìẹ́ kò ní í mira, owó ìwọlé nìkan la ó san. Wo bí ìjókòó ṣe gba ara wọn.

Àbúrò bàbá rẹ ṣì ń ṣàròyé lórí yíya ohun ẹlẹ́mìí. Bàbá rẹ ti dá a lóhùn, má fi ṣe ẹrù rẹ. Ní ti àwọn tó ń bọ́ṣọ fún yíyà ní kíláàsì, kọ́ ohun tí olùkọ́ fi ń kọ́ yín, ṣùgbọ́n má ṣí ìwé yẹn nílé lójú àlejò.

Mo fi ìkòkò kan àti òṣùká rán ẹni tó ń bọ̀ l'Ékòó lọ́jọ́ Jímọ̀. Gbé e lófìfo, kí ọ̀rẹ́ rẹ fi fóònù ká ọ láti ẹ̀gbẹ́ bí o ṣe ń rìn. Lẹ́yìn náà bu omi sí i dé ìdajì, má jẹ́ kó kún, nítorí omi ìdajì ló ń mì jù, kó tún ká ọ. Wo méjèèjì dáadáa kí o tó mú pẹ́ńsù. Bó bá sì fọ́ lọ́nà, pè mí, òmíràn wà nílẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Òkelele, Ìlọrin